Àfálánsì nígbà ìrúwé: wọ́n kọ ìpele 1 fún àárọ̀, 3 fún ọ̀sán, ṣé ká lọ àbí ká jókòó?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ara ibí. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan kí n tó lọ kó ara mi sí wàhálà. Àwa mẹ́rin la fẹ́ gun òkè kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, siki, pákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, la máa fi gùn ún, òun náà la máa fi sọ̀, kò sí ibùdó siki níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà, àwa àti Ọlọ́run nìkan ni. Orí ẹ̀ ga tó mítà 2,700, ibi tá a fẹ́ gbà sọ̀ kọjú sí gúúsù-ìlà-oòrùn, mo wọ̀n ọ́n lórí máàpù, ó tó dìgírì 35 níbi tó dúró ṣánṣán jù. Oṣù Kẹrin ti ń parí lọ, yìnyín ti ń yọ́ nísàlẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ àfálánsì, ìyẹn yìnyín tó ń ya lulẹ̀ látorí òkè, tí wọ́n gbé jáde ní ìpele 1 ni láàárọ̀, ó máa di 3 tó bá di ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣáájú wa ní 1 ni 1 ń jẹ́, ká ṣáà máa lọ. Èmi ò mọ̀. Kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì péré ni mo ṣe, inú òtútù la sì ti ṣe é, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ló dá lórí yìnyín gbígbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé òkè ò ní ya lù yín nígbà ìrúwé?

AgídíPọ̀ · Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

1 nínú 5 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ lọ jàre. Ẹ tètè jí, ẹ tètè gùn, ẹ tètè sọ̀, ẹ ti padà sídìí mọ́tò kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọdún kẹfà mi rèé. Yìnyín ìgbà ìrúwé ló dùn jù lọ, láàárọ̀ á le bíi títì, tí oòrùn bá ti pa á díẹ̀ ojú ẹ̀ á rọ̀ bí iyọ̀ oníhóró, siki á kàn máa ṣàn lọ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìbẹ̀rù pa yín síbí.

BàbáṢọ́bìrì · Ọjọ́bọ̀, 6:12 àárọ̀

Agídí, kí wọ́n tètè jí tó o sọ yẹn dáa, àmọ́ o ti fo ìdí ọ̀rọ̀ kọjá.

Àbúrò, gbọ́. Nígbà òtútù nọ́ńbà yẹn lè wà bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kó má yẹ̀. Nígbà ìrúwé, aago ló ń darí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya máàpù méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo lágbègbè òkè Alps tí yìnyín bá ti ń yọ́, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán. 1 tí wọ́n kọ fún yín yẹn, wọ́n kọ ọ́ torí wọ́n retí pé yìnyín máa dì lóru ni. Tí kò bá wá dì ńkọ́? A jẹ́ pé kò sí 1 kankan níbẹ̀, inú 3 lẹ máa jí sí. Nítorí náà má bẹ̀rẹ̀ látorí ìpele mélòó. Bẹ̀rẹ̀ látorí pé ṣé ó dì lóru, báwo ló ṣe dì tó, látibo dé ibo.

Kí ni wọ́n sọ nípa òru Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta níbi tẹ́ ẹ ń lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni bàbá. Wọ́n ní ó máa lọ sí dìgírì 1 nísàlẹ̀ òdo lórí òkè níbi mítà 2,700. Àwọsánmà máa bo ojú ọ̀run títí di nǹkan bí aago 4 ìdájí, lẹ́yìn náà ó máa mọ́. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti wọ ìsàlẹ̀ òdo ó ti dì nìyẹn, kí ni mo tún ń wá.

Màmá_Glacier · Ọjọ́bọ̀, 12:48 ọ̀sán

Kò tíì dì o. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ eléyìí torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, àtàwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ pàápàá.

Mo ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ nídìí wíwo yìnyín, iṣẹ́ ká máa gbẹ́ kòtò sínú ẹ̀ ká máa ti témómítà bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú yìnyín dì, ojú ọ̀run ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lóru tí ọ̀run bá mọ́ kedere, yìnyín á máa tú ooru ara ẹ̀ jáde sókè, ooru yẹn á gba òfuurufú lọ kò ní padà wá mọ́, ojú yìnyín á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lórí ẹ̀ lọ. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún bá tún gbẹ, yìnyín lè dì gbagidi nígbà tí témómítà ṣì ń ka dìgírì 2 tàbí 3 lókè òdo. Àmọ́ tí àwọsánmà bá bò ó, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ooru tó yẹ kó jáde lọ, àwọsánmà á máa dá a padà sórí ẹ̀. Témómítà lè ka òdo tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ bá èèpo tín-ín-rín lókè, ọ̀rinrin jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ lábẹ́. Èèpo tín-ín-rín yẹn ni mo bẹ̀rù jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Á gbé e láago 6, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, tó bá fi máa di aago 8 oòrùn ti jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà wákàtí tí ọ̀run fi mọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Láti aago 4 sí ìgbà tí oòrùn máa yọ, mélòó ló kù? Bíi wákàtí méjì. Kò lè tó o, pàápàá tí ọjọ́ tó ṣáájú bá gbóná.

Ẹ tún ka òru mélòó ló ti kọjá tí kò dì. Tí òru méjì mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí kò dì, omi tó ń yọ́ á máa jò lọ sísàlẹ̀, títí á fi kan ìpele ẹlẹgẹ́ tó ti sùn síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ òtútù, àwọn hóró ńláńlá bíi ṣúgà tí kì í lẹ̀ mọ́ra wọn. Omi á rin ín, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á sì ya lẹ́ẹ̀kan náà ní pátákó, sílábù olómi nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan tó ń fẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Olójú kan yẹn, èèyàn sábà máa ń rí i tó ń bọ̀. Sílábù olómi, kò sí àmì kan tó ṣeé fọkàn tẹ̀ fún un, gbígbẹ́ kòtò wò ò tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ẹ̀, èmi tí mò ń gbẹ́ ẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò gba irinṣẹ́: ẹ bu yìnyín sọ́wọ́ ẹ fún un. Tí kò bá mọ, ó gbẹ. Tó bá mọ ṣùgbọ́n tí omi ò jáde, ó rin díẹ̀. Tí omi bá ń kán sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé àwọ̀. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń fò débi òkè Alps, ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021 ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022, yìnyín pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Yìnyín tó dọ̀tí ń gba oòrùn sára ju èyí tó funfun lọ, kíá ló máa ń yọ́. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

AgídíPọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbọ́, mi ò mọ ti àwọsánmà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kò wá rọrùn báyìí? Kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, yìnyín ibẹ̀ ṣì gbẹ, kò sí pé ẹnì kan ń ka wákàtí.

Sista_Crampon · Ọjọ́bọ̀, 2:02 ọ̀sán

Orúkọ ń roni lóòótọ́ o, Agídí.

Ojú gúúsù ti wọ ìgbà ìrúwé, ojú àríwá òkè kan náà lè ṣì wà nínú òtútù. Àrùn méjì ni lára òkè kan. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó bá ṣe kọ́ọ̀sì máa ń gbọ́: ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní Sheep Creek lẹ́bàá Loveland Pass ní Colorado. Èèyàn mẹ́fà ni, àfálánsì kan ya lù wọ́n, márùn-ún kú. Oṣù Kẹrin ni o! Ojú òkè tó kọ sí àríwá ni, yìnyín gbígbẹ ni, sílábù tó nípọn gan-an, ìpele ẹlẹgẹ́ tó wà nítòsí ilẹ̀ ló gbé e dànù. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n gbé irinṣẹ́ dání, wọ́n mọ̀ pé ojú òkè yẹn léwu, ńṣe ni wọ́n tiẹ̀ ń gbìyànjú láti gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọjá kí wọ́n lè débi tí ewu ò sí. Wọn ò sí lórí ẹ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ wọn ló sì jí i láti ìsàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà 35 tó o wọ̀n lórí máàpù yẹn, ibi tí siki yín máa gbà nìkan lo wọ̀n, àbí? Wọn ohun tó wà lókè orí yín náà. Sílábù sábà máa ń ya níbi dìgírì 30 sí 45, agbègbè 38 ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n èèyàn lè wà lórí dìgírì 15 tó ń jókòó jẹ́jẹ́ kí ti 38 tó wà lókè wá bá a níbẹ̀. Yìnyín olómi ò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún 30 yẹn, ó máa ń ya níbi tó tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí yìnyín tuntun bá tún wá sọ̀ lóṣù Kẹrin, tó tó ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà, kẹ́ ẹ mọ̀ pé oòrùn àkọ́kọ́ tó bá ràn lé e lórí lẹ́yìn ìjì ló máa tú u sílẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan péré.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Ọjọ́bọ̀, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ohun tó wà lókè ibi tá a fẹ́ gbà. Apá kan wà tó jẹ́ 40 lápá òsì, tá a máa kọjá lábẹ́ ẹ̀. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀ torí mi ò wá a. Ẹ jọ̀ọ́, fún ojú gúúsù-ìlà-oòrùn, aago mélòó ló yẹ ká ti kúrò lórí ẹ̀?

BàbáṢọ́bìrì · Ọjọ́bọ̀, 8:33 alẹ́

Kò sí aago kan tí mo lè fún ẹ tó jẹ́ ti gbogbo ọjọ́, ẹni tó bá fún ẹ ní ọ̀kan ń purọ́ fún ẹ ni. Bó ṣe ń lọ nìyí: ojú ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ń gba oòrùn, gúúsù tẹ̀ lé e, ọ̀sán ló ń kan ìwọ̀-oòrùn. (Ẹni tó bá wà ní Chile tàbí New Zealand, kó yí àríwá àti gúúsù po, ìgbà ìrúwé tiwọn sì ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án.) Ẹ̀gbẹ́ òkúta àti ìdí igi ló kọ́kọ́ ń rọ̀ torí òkúta ń gbóná ju yìnyín lọ. Tìrẹ tó jẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn yẹn, tó bá dì dáadáa, ẹ lè rí ọ̀nà gbà di aago 10. Tí kò bá dì, aago 8 gan-an ti pẹ́.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́ta, a ti fẹnu kò pé aago 10 la máa kúrò lórí. A gun orí òkè ní aago 10 ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Oòrùn dùn, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ẹnì kan ní ká ya fọ́tò, ẹnì kan bọ́ bàtà torí ó ń ta á lẹ́sẹ̀, a jókòó. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wá ti siki mọ́lẹ̀, ìró ẹ̀ ti yàtọ̀. Láàárọ̀ nígbà tá à ń gùn ún, irin etí siki ń han gììrì lórí èèpo yẹn, a ní láti pariwo ká tó gbọ́ra wa. Ní báyìí kò dún mọ́. Ó kàn ń gbà mí wọlé. Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ pé kò dún, mo sì lọ.

Nígbà tí mo yí lẹ́ẹ̀kẹta, yìnyín ẹ̀gbẹ́ mi gbéra. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Kò sáré, ó rọra ń bọ̀ bíi kọnkéré tí wọ́n ń dà látinú ọkọ̀, ó ń wú bó ṣe ń bọ̀, mo sì rò pé mo máa sá yọ fún un. Ó kó mi lẹ́sẹ̀, ó gbé mi lọ sísàlẹ̀ bí ọgọ́ta mítà, ó wá dúró. Kò bò mí mọ́lẹ̀, itan ló mu mí dé. O máa rò pé ẹni tó wọ yìnyín dé itan á kàn fa ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ. Irọ́ ni. Bó ṣe dúró yẹn ló dì mọ́ mi bíi sìmẹ́ńtì, mi ò lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Àwọn méjì ló fi ṣọ́bìrì wà mí jáde, ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kókósẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́. Ibi tí mo ti gba orúkọ mi nìyẹn. Siki ẹsẹ̀ òsì, mi ò rí i di òní olónìí.

MoṢìńKọ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

Háà bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, yàtọ̀ sí ìró, kí lèèyàn máa ń fi ojú rí? Ìkejì, bíkọ́nì mi, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, máa ń ṣe bákan tí mo bá gbé e sí àyà pẹ̀lú fóònù, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Sista_Crampon · Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́

Bíkọ́nì rẹ ò bàjẹ́, fóònù ló ń dà á láàmú. Gbogbo bíkọ́nì ayé ló ń sọ̀rọ̀ lórí 457 kHz, fóònù, aago ọwọ́ tuntun, ibọ̀wọ́ tó ń lo bátìrì, gbogbo wọn ló ń pariwo sí i létí. Jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí i tó 20 sẹ̀ntímítà nígbà tó o bá ń rìn, 50 tó o bá ń wá èèyàn. Fóònù lọ sápò ṣòkòtò, ó parí.

Ohun tí ojú ń rí: tó o bá rí i pé yìnyín ń ká ara ẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ tó ń yí lọ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó tì í, ojú ibẹ̀ ti ń gbóná, tí wọ́n bá kéré tí wọ́n sì ń dúró kíákíá o ṣì lè ní àyè díẹ̀ láti jáde, tí wọ́n bá ti tóbi tí wọ́n ń lọ jìnnà, o ti pẹ́. Tó o bá bọ́ siki tó o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó rì kọjá kókósẹ̀, máa lọ ilé. Tí àfálánsì bá ti ya lónìí tàbí lánàá lójú òkè tó kọjú síbi kan náà pẹ̀lú èyí tó o wà, kò tún sí àríyànjiyàn. Tó o bá gbọ́ "gbòò" lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ jókòó, ìyẹn ti sílábù ni, yálà ìrúwé yálà òtútù. Òjò tó ń rọ̀ sórí yìnyín náà, ó ń wúwo sí i ó tún ń rọ̀ ọ́, ilé ni ọ̀rọ̀ náà.

Wo òkè náà o, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan: yìnyín tí afẹ́fẹ́ kọ́ jọ sí góńgó òkè tó yọ síta bí etí òrùlé, ooru ìgbà ìrúwé ló ń já a, tó bá já ó lè jí gbogbo ojú òkè tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó o bá sì rí ibi tí yìnyín ti la gbùn-ún-rùn títí dé ilẹ̀, tó yanu sílẹ̀ bí ẹja, ìyẹn ń yọ̀ lórí koríko tàbí òkúta tó tẹ́jú, ó lè bọ́ lóru ó lè bọ́ lọ́sàn-án, ẹ̀yin ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa sinmi.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 11:55 alẹ́

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, mi ò lè kọ púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí bíkọ́nì fún yín láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Switzerland tí wọ́n gbé jáde ní 2024 fi hàn pé ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá wà á jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, bíi 9 nínú 10 ló ń yè. Láti ibẹ̀ lọ ni ó ń já wálẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 30 ti di nǹkan bí 3 nínú 10. Tẹ́lẹ̀ ìṣẹ́jú 15 la máa ń sọ, ó ti dín kù. Ẹ wá fi ti bàbá lókè yẹn wé e, itan péré ló mu ún dé, ogún ìṣẹ́jú ni ẹni méjì fi gbẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í ṣe àìrí èémí ló pa wọ́n, igi, òkúta, ọ̀gbun ni. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó kú ni ọgbẹ́ pa.

Nígbà tí àfálánsì bá pa àwọn tó lọ ṣeré lórí òkè, bíi 9 nínú 10, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló jí i. Òun ni mo máa ń rántí tí wọ́n bá ní àmúwá ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro mi ò sí nínú yìnyín mọ́, ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló dàgbà jù nínú wa, òun ló ní ìrírí jù, àwọn méjì tó kù ń wo ojú ẹ̀. Tí mo bá dé ìdí òkè tí mo ní ká padà, wọ́n á ní ojo ni mí.

Sista_Crampon · Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìdí òkè. Alẹ́ òní, tí inú gbogbo yín dùn tí ẹsẹ̀ yín gbẹ, ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Má sọ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Sọ pé: tá a bá dé 2,400 tí ọ̀pá siki bá fọ́ èèpo yẹn wọlé, a ń padà. Tó bá di aago 8:30 tá ò tíì dé orí, a ń padà. Jẹ́ kí gbogbo wọn fẹnu ara wọn dá ẹ lóhùn. Èyí á jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀pá ló ní ká padà, kì í ṣe ìwọ.

AgídíPọ̀ · Ẹtì, 1:32 ọ̀sán

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sórí páálí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́bìrì lol. Àmọ́ ní tòótọ́, ti ọ̀pá yẹn dáa, èmi náà á máa lò ó. Mo ṣì rò pé ẹ máa sọ̀ ọ́ láìsí wàhálà o.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A ti dé. Ẹ jókòó kí n ròyìn.

A jí ní aago 2:30. Nígbà tá a kúrò nílé, mo gbójú sókè, mi ò rí ìràwọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ṣáà ti ní á mọ́ ní aago 4. Aago 4 kọjá, kò mọ́. Aago 6 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀, oòrùn sì ti fẹ́ẹ̀ yọ nígbà yẹn. Nísàlẹ̀, siki ń rì díẹ̀, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ló mú bẹ́ẹ̀, tá a bá gòkè á le. Ó sì le díẹ̀ sí i lóòótọ́. Ní 2,400 mo dúró, mo yí ọ̀pá siki dojú dé mo fi orí ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé mo gún un o, mo kàn gbára lé e. Ó ké kánkán bí èèpo ẹyin, ó wọlé dé ibi ọwọ́ mi. Aago 7:20. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, òun náà ti rí i, ó ń wo ibòmíì.

Ó ní ká lọ sí i díẹ̀, bóyá ibẹ̀ nìkan ni. Mo ní a ti sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ tá a fi ń gòkè kúrò lábẹ́ siki ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bó ṣe parí nìyẹn. A gba ibi tó tẹ́jú tá a gbà gòkè padà sísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò kóra jọ. Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí mọ́tò.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó wá dùn mí: nígbà tá à ń tú bàtà, àwọn méjì kan tá ò mọ̀ rí gba ojú òkè yẹn sọ̀, ní nǹkan bí aago 9:30. A fi awò wò wọ́n. Wọ́n sọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n ń yí bí ejò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kàn wò mí.

AgídíPọ̀ · Àbámẹ́ta, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ rí i àbí? Mo sọ fún yín o!

BàbáṢọ́bìrì · Àbámẹ́ta, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Agídí, èmi náà ti sọ̀ ọ́ báyẹn láìmọye ìgbà kí siki mi tó sọ nù. Àbúrò, o ṣe é dáadáa. Ọ̀rẹ́ ẹ á sọ̀rọ̀ tó bá di Ajé, tí kò bá sọ̀rọ̀, pe ẹni tó bọ́ awọ yẹn, òun ni kó o máa bá lọ sórí òkè.

Màmá_Glacier · Àbámẹ́ta, 6:27 ìrọ̀lẹ́

Ibi tí wọ́n ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde máa ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ, ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ sì máa tó dá ti ojoojúmọ́ dúró torí ìgbà ìrúwé ti ń lọ sópin, nítorí náà ohun tó o rí wúlò. Fi ránṣẹ́ sí wọn. Báwo ni èèpo yẹn ṣe nípọn tó, ní ibi gíga mélòó, ṣé o fún ti abẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkè · Àbámẹ́ta, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Sẹ̀ntímítà 3 ní 2,400, mo fi etí páálí wọ̀n ọ́n. Ní 2,150 kò sí èèpo kankan. Mo fún un níbi méjèèjì. Ti òkè mọ, omi ò jáde. Ti ìsàlẹ̀ ń kán tótó gba àárín ìka mi, ibọ̀wọ́ yẹn ṣì wà níbi tí mo sá a sí, kò tíì gbẹ.